Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: igi wo ni kí n mú fún snare ṣọ́ọ̀ṣì wa?

Onílù Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Oorun ò kùn mí ni mo fi ń kọ eléyìí lóru. Èmi ni mo ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, láti ìgbà tí mo ti wà ní girama. Ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi rí, n ò sì bèèrè. Àmọ́ ohun tójú mi ń rí lọ́wọ́ olórí akọrin wa ti tó gẹ́ẹ́. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé snare mi, ìlù òyìnbó tó ní wáyà lábẹ́ yẹn, ń dún bíi páálí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, orin ọpẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ó bojú wẹ̀yìn, ó juwọ́ sí mi pé kí n dákẹ́, ó ní kí ọmọ tó ń lu gángan máa bá orin lọ. Lójú gbogbo ìjọ! Ìyàwó mi wà níbẹ̀, màmá mi náà wà níbẹ̀. N kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ìgbìmọ̀ ti wá gbà láti fún wa lówó, kò pọ̀. Ẹni tó ń ta ohun èlò orin l'Ékòó ní kí n ra èyí tí wọ́n fi igi maple ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlọrin ní igi birch ni baba. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa ní òun lè fi igi apá ṣe é, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì ohun tí wọ́n ń pe maple. Àjọ̀dún ìjọ ti dé tán. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú: maple, birch, mahógánì tàbí apá?

Bọ̀dá Sáúǹdì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ò sọ bí snare yẹn ṣe fẹ̀ tó, ẹ ò sọ bó ṣe jìn tó, ẹ ò sì sọ irú awọ tó wà lára ẹ̀. Inṣi 14 ni ọ̀pọ̀ wọn, jíjìn wọn ló ń yàtọ̀, láti 5 títí dé 6½.

Lórí igi: ohùn maple kún, kò sí ibi tó ti tinrin. Birch ń dún ṣáṣá, ó ń yára jáde, ó sì tètè ń gé, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ní stúdíò fi fẹ́ràn ẹ̀. Ohùn mahógánì rẹlẹ̀, ó rọ̀ létí, kì í ké. Níbi tí akọrin pọ̀ sí, tí gángan àti agogo sì tún wà, birch ni màá mú, kó lè la àárín wọn kọjá.

Màmá Kọ́yà
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ igi. Ẹni tó dójú tì ọ́ láàárín ìjọ, ṣé o ti lọ bá a nílé? Nígbà tí èmi ṣì wà nínú kọ́yà, olóhùn òkè ni mí, ọ̀gá wa máa ń na igi sí mi bí mo bá ṣi orin wọ̀. Mo lọ bá a nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo sọ tẹnu mi. Títí ó fi kú, kò na igi sí mi mọ́. Ẹ lọ parí ìjà yín kí ẹ tó ná owó Ọlọ́run.

Ọmọ Àyàn Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ẹ kú ìjíròrò. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kì í kàn gbẹ́ igi tó bá rí. Ọ̀mọ̀ ni wọ́n máa ń wá, bí kò bá sí ọ̀mọ̀, apá. Ọ̀mọ̀ fúyẹ́, ó sì tún ń tọ́jọ́. Ẹni tó bá ti fi ìyáàlù kọ́ èjìká láti àárọ̀ di alẹ́ níbi òkú àgbà mọ ohun tí mò ń sọ. Apá le, kòkòrò kì í tètè bá a jà, àmọ́ ó wúwo. Tútù ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, torí bó bá gbẹ tán, irin ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n á wá gbé e sí ibòji kó gbẹ díẹ̀díẹ̀, oòrùn ò gbọdọ̀ pa á. Bàbá mi á máa fi ìka kan inú rẹ̀, á gbé etí lé e, á tún gbé e sílẹ̀.

Snare tí ẹ máa gbé ka orí irin, wíwúwo kì í ṣe ìṣòro. Ẹ ṣe apá. Àmọ́ ẹ má gbàgbé o, awọ ló ń sọ̀rọ̀. Awọ ewúrẹ́ tó bá nípọn jù, ẹ lè fún ọsán títí kó fẹ́ẹ̀ já, dùndún ò ní fọhùn.

Bọ̀dá Sáúǹdì
Dùndún yàtọ̀ sí snare, ẹ má dà wọ́n pọ̀. N ò tíì gbọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi apá ṣe snare. Bí ẹ bá fẹ́ igi ilẹ̀ wa, ẹ lo ọ̀gànwó, òun ló sún mọ́ mahógánì jù.

Ọmọ Àyàn Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fojú tín-ín-rín igi wa. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni maple ti ń hù, ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ni wọ́n lò. Bó bá jẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ snare, ìwé ni ẹ ò bá máa kà nípa apá.

Bọ̀dá Sáúǹdì
Mi ò fojú tín-ín-rín nǹkan kan. Owó ìjọ ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń dán ọwọ́ wò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀wọ́dẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Àga àti ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ mi, àmọ́ mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. A kì í gbẹ́ ẹ láti ara ìtì kan ṣoṣo bíi dùndún. Pákó là ń tò ní òró, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ra, a ó wá fá a kó rí róbótó nínú àti lóde. Bó bá jẹ́ pákó 20, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dà ní dígírì 9. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ pẹ́ẹ́, pákó tó kẹ́yìn ò ní wọlé.

Ẹ bi gbẹ́nàgbẹ́nà yín ní nǹkan méjì. Ṣé ó mọ̀ pé etí ìsàlẹ̀ snare kì í tẹ́jú? Ibi méjì tí wáyà ń gbà kọjá, wọ́n máa ń fá a wọlé díẹ̀, ẹ lè má rí i, ìka yín ló máa mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sí i, wáyà ò ní jókòó lára awọ. Ìkejì, ìgbà wo ni sọ́míìlì la pákó ọ̀hún? Apá tí wọ́n là nínú òjò yìí, bí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, á sún kì, ojú gọ́ọ̀mù á ṣí. Ẹ má sì gbà kó fi arère ṣe é fún yín. Arère rọ̀, ìdè irin ò ní dúró nínú ẹ̀ bí ẹ bá ń fún awọ.

Onílù Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣeun gbogbo yín. Màmá, ẹ má bínú, n ò ní lọ sílé ẹnikẹ́ni. Òun ló ṣẹ̀ mí. Inṣi 14 ni snare wa, jíjìn ẹ̀ jẹ́ 5½. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fún awọ ẹ̀, kì í ṣe àìmọ̀ ọ́n fún ló ń dà á láàmú. Birch wọ́n jù fún wa. Lórí apá, gbẹ́nàgbẹ́nà ti gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní pákó wà nílẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀wọ́dẹ̀
Ìgbà wo ni wọ́n là á?

Bọ̀dá Sáúǹdì
Irú awọ wo ló wà lára snare tí ẹ ní báyìí? Lókè àti nísàlẹ̀. Ìgbà kejì tí mò ń bèèrè rèé.

Ìyàwó Onílù
Onílù ni ọkọ tèmi náà, ó ra maple, ó kó gbogbo owó oṣù lé e. Ó ṣì ń jà pẹ̀lú olórí akọrin wọn. Màmá sọ òótọ́.

Onílù Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń tẹ̀ lé awọ yìí gan-an. Tuntun ló wà lókè, mo rà á lẹ́yìn Àjíǹde. Tìsàlẹ̀ tó bá a wá ti ya, ọmọ kan ló fi igi gún un níbi tí a ti ń kó ẹrù lọ sí ìsọjí. Mo bọ́ awọ òkè tó ti gbó, mo fi dè é sísàlẹ̀. Inṣi 14 náà ni, ó wọlé dáadáa. Mo wá èyí tó fẹ́lẹ́ títí, kò sí níbí. Kí ni ìyẹn wá kàn nínú ọ̀rọ̀ igi?

Bọ̀dá Sáúǹdì
Ha! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! Awọ òkè nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta tìsàlẹ̀. Tìsàlẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè rí ọwọ́ yín láti ẹ̀yìn rẹ̀, torí kó lè gbọ̀n wáyà ni. Èyí tí ẹ dè síbẹ̀ ò lè gbọ̀n ọ́n, ó nípọn, ó sì ti fà. Kò sí igi tó lè gbà yín. Ẹ gbé maple tó wọ́n jù láyé síbẹ̀, bíi páálí náà ni yóò máa dún.

Ọmọ Àyàn Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ohun tí mo sọ látàárọ̀ nìyí. Lórí eléyìí, èmi àti ẹ̀gbọ́n ò jà.

Màmá Kọ́yà
Olórí akọrin ò purọ́ mọ́ ọ nìyẹn, ọmọ mi. Bó ṣe ṣe é ni kò dáa.

Onílù Ògbómọ̀ṣọ́
Màmá, ó lè pè mí sẹ́yìn kó sọ ọ́. Ẹnìkan láti ìjọ wa ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la, màá ní kó bá mi wá awọ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìgbìmọ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá gbọ́ pé awọ lásán ni mo rà, wọn ò ní fún wa ní kọ́bọ̀ mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Bọ̀dá Sáúǹdì
Ẹ ra awọ tìsàlẹ̀ méjì, ẹ fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ ra wáyà tuntun, èyí tó ní ẹyọ wáyà 20, òun ló wọ́pọ̀. Ẹ kó ìyókù padà pẹ̀lú rìsíìtì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Ọ̀wọ́dẹ̀
Ẹ má gba owó yín padà lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹ ní kó to pákó apá náà sí ibòji, kó fi igi wẹ́wẹ́ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gbà á. Lẹ́yìn ọyẹ́ ni kó tó gé e. Ẹ ò sì tíì dá mi lóhùn: ìgbà wo ni wọ́n là á?

Onílù Ògbómọ̀ṣọ́
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é. Oṣù tó kọjá ni.