NCE Yorùbá ni àbí PGDE? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ èdè. Ìṣirò owó ni mo fi gboyè, àmọ́ kíkọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní Yorùbá ní Àkúrẹ́ níbí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ti jẹ́ kí iṣẹ́ olùkọ́ wọ̀ mí lára. Dò-re-mí la fi ń pe ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fi àmì sí i: igba, igbá, ìgbà. Ẹnu wọn dá ṣáká. Ìgbà tó bá di kíkọ ni wọ́n ń wá àmì fún ohùn àárín, èyí tí a kì í fi àmì sí. “Ulé” àti “usu” tí wọ́n ń sọ nílé náà ń yọjú nínú ìwé wọn, bẹ́ẹ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi “u” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

PGDE, ìwé-ẹ̀rí ìkọ́ni fún ẹni tó ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ mìíràn, yá, TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, sì gbà á, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìkọ́ni ló dá lé, kò kan gírámà. NCE Yorùbá, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tó kan èdè náà fúnra rẹ̀, ọdún 3 gbáko ni. Mo tún rò ó pé kí n máa ka ìwé gírámà fúnra mi, àmọ́ ìwé kì í gbọ́ àṣìpè.

Ìbéèrè mi: tí ẹnì kan bá ní PGDE láìní oyè Yorùbá, ṣé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lè gbà á láti kọ́ Yorùbá?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.