Apèrò ni mo kọ, n kò kọ àpérò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa pe sinimá tó yege, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní "box-office hit", là ń wá: àwọn kan ní "apawówọlé", èmi ní "apèrò".

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lálẹ́ àná ní sinimá tí wọ́n bá gbé jáde ní gbọ̀ngàn mẹ́rin péré kò lè jẹ́ "apawówọlé" láéláé, àti pé "apèrò" tí mo dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá jọ orúkọ ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo àmì ohùn tí mo fi sí i. Àpérò ni ti àwọn tó pé jọ láti rò. Apèrò ni ohun tó pe èrò, bí ọjà ṣe ń pè é. Ohùn ìsàlẹ̀ ni "pè", bó tilẹ̀ ń di "pe" níwájú "èrò"; ohùn òkè ni "pé". Ẹni tó bá ní méjèèjì jọra, kó lọ pe ọkọ́ ní ọkọ̀ lójú àgbẹ̀.

"Apawówọlé" gan-an ló ń bí mi nínú. Wọ ilé ta ni? Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í wọ ilé ẹni tó ṣe sinimá tààrà. Onígbọ̀ngàn á kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, ẹni tó ń pín in kiri á yọ tirẹ̀, kó tó kan ẹni tó jẹ gbèsè láti yà á. Bó bá sì jẹ́ àròpọ̀ owó nìkan la fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tó wọ gbọ̀ngàn 3,000 ni yóò máa borí, ìbáà jẹ́ àga òfìfo ló ń wò ó.

Ẹ wo Moonlight, sinimá Amẹ́ríkà kan. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, gbọ̀ngàn mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní New York àti Los Angeles. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó pa 402,000 dọ́là. Ẹ pín in sí mẹ́rin: gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan gba ohun tó lé ní 100,000. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò ju mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ; ohun tó pa káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 65. Lọ́jọ́ kẹta yẹn, nígbà tí kò tíì sí àmì ẹ̀yẹ Oscar kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa ì bá ní kò yege, nítorí 402,000 kéré. Èmi á ní ó ti pèrò.

Ẹ dákun, ẹ má pe irú ìgbéjáde bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi gbọ̀ngàn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ("limited release"), ní "aláìtó" mọ́, bí ẹni pé nǹkan ló ṣẹ́ wọn kù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ á kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á tọ́ ọ wò, kó tó sọ ìkòkò kalẹ̀. Ìtọ́wò ni mo ń pè é. Nígbà tí ẹnu àwọn tó tọ́ Moonlight wò ròyìn rẹ̀ dáadáa, ó dé gbọ̀ngàn tó lé ní 1,500.

Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n. Nígbà ayé Ogunde àti Adé Love, àwọn fúnra wọn ló ń gbé sinimá wọn láti ìlú dé ìlú. Àbúrò bàbá mi máa ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú wa. Á fi okùn gún ìdajì tó já, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Tí okùn náà bá ti gùn dé orúnkún rẹ̀, á pariwo sí àwọn tó wà nínú pé, "Ó ti pèrò o, ẹ sún mọ́ra!" Kì í bèèrè iye náírà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo kàn fi "a" síwájú, n kò jókòó sí yàrá hun ún.

Ẹni tó dábàá "ajèrè", ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi pa mọ́ di ìgbà tí wọ́n bá san gbèsè tán.

Ti pé ẹ̀gbọ́n wa tún ní ilé tí a ti ń wò ó ló ń jẹ́ sinimá, kì í ṣe ohun tí a lọ wò: n kò gbà rárá. Nílé wa, sinimá la ń lọ wò, gbọ̀ngàn la ti ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ̀rí wà lọ́wọ́ bàbá yín. Mo ń dúró dè é.