Iná kan ṣoṣo ni mo ní, gèlè sì ń ṣíji bo ojú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi onífọ́tò. Kubwa ní Àbújá ni mo wà, yàrá kan ni mo fi ń ṣe sítúdíò. Mo máa ń gbé iná mi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kó ga díẹ̀ ju orí oníbàárà lọ, kí ìmọ́lẹ̀ onígun mẹ́ta lè bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òdìkejì, èyí tí wọ́n fi orúkọ Rembrandt, ayàwòrán ilẹ̀ Netherlands, pè.

Ó ń dára fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, màmá kan wá ya fọ́tò ọjọ́ ìbí 70 ọdún wọn, wọ́n wé gèlè ńlá. Gèlè náà ṣíji bo ojú kan, ó dúdú kirikiri, imú sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Wọ́n wo fọ́tò náà títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú mi kejì dà?" Ó dùn mí gan-an.

Mo ta aṣọ funfun síwájú iná, dídán náà dín kù. Mo wá gbé iná jìnnà sí wọn kó lè rọ̀, àfi bí òjìji ṣe tún le sí i. Ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò tó mọ́, torí bí iná bá jìnnà ní ìlọ́po 2, ìdá kan nínú 4 ló ń kù.

Ṣé kí n rẹ iná náà sílẹ̀ kó lè wọ abẹ́ gèlè ni, àbí kí n fi páálí funfun da ìmọ́lẹ̀ padà láti apá òsì? Ẹni tó bá ti ya àgbàlagbà onígèlè rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni páálí náà ṣe ń súnmọ́ ojú tó? Sátidé tó ń bọ̀ ni màmá ń padà bọ̀.