Ṣé fínígà àti baking soda tí a pò pọ̀ lè ṣí ẹfun ìdí kẹ́tùlù?

Bísí_A:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bí ìdí kẹ́tùlù bá funfun tó sì le gbagidi, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé ká da fínígà ife kan àti baking soda ṣíbí ńlá kan sí i. Ó máa ń hó yàà lóòótọ́, àmọ́ tó bá rọlẹ̀ tán, funfun náà á ṣì wà níbẹ̀ digbí. Kí ló fà á? Ṣé ká fi bílíìṣì kún un ni?

Olùkọ́Kẹ́mísírì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da bílíìṣì sí i rárá! Bílíìṣì àti ásíìdì, títí kan fínígà, máa ń tú gáàsì chlorine jáde. Gáàsì yẹn ń ta ojú àti ọ̀fun, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ásíìdì ni fínígà, béèsì (òdìkejì ásíìdì) ni baking soda. Tí wọ́n bá pàdé, ṣe ni wọ́n ń pa agbára ara wọn. Gáàsì carbon dioxide ló ń hó yẹn. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú omi kò ju iyọ̀ kan tó ń jẹ́ sodium acetate lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nínú mílílítà 250 fínígà tó jẹ́ 5%, ásíìdì bíi gíráàmù 12.5 ló wà. Baking soda bíi gíráàmù 17 ti tó láti pa gbogbo rẹ̀. Ṣíbí ńlá kan ń gbà tó gíráàmù 14, torí náà ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ásíìdì yẹn ti ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, ásíìdì yẹn gan-an ló yẹ kó tú ẹfun náà, torí calcium carbonate ni ẹfun ọ̀hún.

Àjàó_lábù:
Òótọ́ ni. Fínígà nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ po òun àti omi ní ìdajì sí ìdajì, kó bo gbogbo ibi tó funfun. Ẹ gbé e kaná kó gbóná, àmọ́ ẹ pa iná náà kó tó hó, torí èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan.

Ẹ wo ojú ẹfun náà dáadáa: ẹ ó rí ìfófòó wẹ́wẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀. Tí ìfófòó bá dáwọ́ dúró tí ẹfun ṣì kù, agbára ásíìdì náà ti tán nìyẹn. Ẹ dà á nù, ẹ da òmíràn sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣan án, ẹ se omi lásán nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dà á nù.

Citric acid oníyẹ̀fun náà dára, kì í rùn: gíráàmù 20 sí lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan. Ẹ má sè é, torí calcium citrate lè dì sí ìdí kẹ́tùlù, ìyẹn kì í sì í tètè yọ́.

Bísí_A:
Ẹ ṣeun gan-an. Iṣẹ́ wo wá ni baking soda ń ṣe?

Olùkọ́Kẹ́mísírì:
Òórùn kíkan àti ìdọ̀tí ọlọ́ràá ni tirẹ̀. Ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kó ki, kí ẹ fi ha nǹkan. Béèsì tí kò le ni: pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí béèsì tó) jẹ́ bíi 8.3. Ti fínígà jẹ́ bíi 2.5, ti bílíìṣì wà láàárín 11 sí 13. Ìgbésẹ̀ kan lórí òṣùwọ̀n pH jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, torí náà ìyàtọ̀ 8 sí 11 kì í ṣe kékeré.

Àjàó_lábù:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òkúta mábù nílé, ẹ má fi fínígà nù ún o. Calcium carbonate kan náà ni mábù: ásíìdì á jẹ ojú rẹ̀, dídán rẹ̀ á sì lọ. Ọṣẹ tí kò le àti omi ti tó o.