Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn ará Bakassi gbé rí, ẹ wá sọ tiyín

Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ. Akpabuyo, lẹ́bàá Calabar, ni wọ́n pín mi sí nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí Nàìjíríà kó Bakassi, ilẹ̀ etí òkun tó wà ní ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì, lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá ní 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008. Nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, a rí àwọn tí òbí wọn kó kúrò ní Abana àti Atabong ní Bakassi. Mo ní kí wọ́n ya máàpù Nàìjíríà lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn nawọ́: "Kọ́pà, ṣé ká fi abúlé wa sí i?" Mo ní kó yà á bó ṣe wù ú.

Tí ẹ bá bi àwọn àgbà níbẹ̀ pé ta ló jẹ́ kí Bakassi bọ́ lọ́wọ́ wa, Gowon ni gbogbo wọn máa dárúkọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, òun àti Ahidjo, ààrẹ Kamẹrúùnù nígbà náà, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Maroua ní 1 oṣù kẹfà ọdún 1975, ṣùgbọ́n ààlà orí omi ni ìwé yẹn dá lé. Kò sì tó oṣù méjì tí wọ́n fi gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó gba ipò rẹ̀ kò tẹ́wọ́ gba ìwé náà.

Ọdún 1913 ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Calabar bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn pé kó máa dáàbò bò wọ́n. Ààbò ni wọ́n ní kó ṣe o, wọn ò talẹ̀ fún un. Nígbà tó di 11 oṣù kẹta ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì jókòó fa ìlà, Bakassi sì bọ́ sápá Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Jámánì. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́lé ló fi ilé tọrẹ! Àwọn agbẹjọ́rò wa sọ èyí ní Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague, àwọn adájọ́ kò gbà. Ìjọba tiwa náà sì ti kọ lẹ́tà sí Kamẹrúùnù ní 1962 lórí ilẹ̀ ìwa-epo, lẹ́tà tó fi Bakassi sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n fa lẹ́tà náà yọ nílé ẹjọ́. Ní 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, Kamẹrúùnù jàre.

Mo ro gbogbo èyí fún ìyá onílé mi, ọmọ Bakassi ni. Ó ní, "Ní 1913 yẹn, ta ni wọ́n bi léèrè níbẹ̀?"

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìlàjẹ ni mí. Ẹ má jẹ́ ká rò pé Efik àti Ijaw nìkan ló ń pẹja lápá ibẹ̀, àbúrò bàbá mi gbé etí omi yẹn pẹ́. Kò fìgbà kan bá wa sọ̀rọ̀ ta ló nilẹ̀. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ apẹja ló máa ń sọ, wọ́n sì ń pààrọ̀: kí sójà Nàìjíríà tó wọbẹ̀ ní ìparí 1993, lẹ́yìn tí wọ́n wọbẹ̀, àti lẹ́yìn tí wọ́n jáde. Àdéhùn Greentree lórí bí Nàìjíríà ṣe máa kúrò ní Bakassi, tí Obasanjo àti Biya, ààrẹ Kamẹrúùnù, fọwọ́ sí níṣojú Kofi Annan, ọ̀gá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, ní 2006 ní wọn ò gbọ́dọ̀ lé ọmọ Nàìjíríà kankan kúrò. Kò sẹ́ni tó lé àbúrò bàbá mi. Owó tí wọ́n ń gbà ló pọ̀ jù, ló bá ká àwọ̀n rẹ̀ wálé.

*

Edé ni èmi ń tà ní tèmi o. Ikang, lẹ́bàá ààlà yẹn, ni mo ti ń rà á, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ní káàdì ìdánimọ̀ méjì, ti Nàìjíríà àti ti Kamẹrúùnù. Mo bi í pé èwo gan-an ni tòótọ́. Ó ní méjèèjì ni, àpò mélòó ni mo fẹ́ gbé?