Wọ́tà hítà wa ń já bírékà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọyẹ́ ti mú ní Iléṣà níbí, ìyá mi àgbà kò sì lè fi omi tútù wẹ̀. Tí a bá tan wọ́tà hítà wa, oní 1500 watts, bí omi bá ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí ni bírékà, ìyẹn nǹkan tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí ewu bá wà, á já. Oníná tó wá wò ó ní ká yọ wáyà ilẹ̀ (earth) kúrò. Mi ò gbà rárá! Wáyà yẹn ló ń dáàbò bo ẹni tó ń wẹ̀ bí iná bá jò sínú omi. Ṣé irin tó ń mú omi gbóná ló ti bàjẹ́ ni, àbí thermostat tó ń díwọ̀n bí omi ṣe ń gbóná tó? Tí mo bá pa iná pátápátá, báwo ni mo ṣe lè fi multimeter, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.