Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: ta ni ń ta oògùn omi aró tí wọ́n fi ìdọ̀tí irin ṣe?

Aláró Ìtòkú: Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Àwọn òṣìṣẹ́ àyíká ti kìlọ̀ pé bí omi aró wa bá tún ṣàn wọ gọ́tà lẹ́yìn oṣù yìí, àwọn yóò gbé àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà wa. Mo gbọ́ pé ásíìdì àlòkù tí àwọn ilé iṣẹ́ fi fọ irin tó dógùn-ún ṣeé sọ di oògùn tí ń mú kí aró rì. Ọwọ́ ta ni mo ti lè rà á?

Ọmọ Ọ̀tà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò sọ bí omi náà ti pọ̀ tó, ẹ kò sì sọ irú aró tí ẹ ń lò. Bí ó bá jẹ́ aró oníkọ́sítíìkì (sódà tí ń jó ara) àti háídírọ́ọ̀sì (ìyẹ̀fun tí ń mú kí aró yòrò nínú omi) bíi ti ọ̀pọ̀ aláró Ìtòkú, irin bá a mu, nítorí pé bí irin inú ásíìdì náà bá ti bọ́ sínú kọ́sítíìkì, yóò dì, yóò sì gbé aró lọ sí ìsàlẹ̀.

Ìyá Aládìrẹ: Ẹ má rà á! Ọwọ́ alágbàtà kan ni a ti ra tiwa, kò sì sí àkọlé kankan lára kẹ́ẹ̀gì náà. Bí ọmọ iṣẹ́ wa ti dà á sínú kòtò ni ásíìdì pàdé háídírọ́ọ̀sì, tí èéfín tí òórùn rẹ̀ dà bí ti ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá sì lé gbogbo wa jáde. Ásíìdì náà jẹ símẹ́ǹtì etí kòtò, ikọ́ ọmọ náà kò sì tètè lọ.

Olóòtú Omi: Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kì í ṣe irin ni ó ṣe yín bẹ́ẹ̀, ásíìdì tí alágbàtà kò tọ́jú ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ da èérún irin mímọ́ sínú rẹ̀ títí agbára ásíìdì yóò fi tán, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tà á. Ti ilé iṣẹ́ tí ń fa wáyà àti ìṣó ṣeé tọ́jú lò. Ti ibi tí wọ́n ti ń fi síńkì bo páànù a máa ní síńkì àti òjé nínú, ìyẹn kò sì gbọdọ̀ dé odò Ògùn, nítorí pé láti inú odò yẹn ni ilé iṣẹ́ omi Adíyàn ti ń fa omi ẹ̀rọ fún Èkó.

Ìyá Aládìrẹ: Ta ni yóò wá bá aláró yẹ òjé wò? Ẹ̀yin tí ẹ ní yàrá àyẹ̀wò ni ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún.

Ọmọ Ọ̀tà: Ẹni tí ń tà á ni kí ó mú ìwé àyẹ̀wò wá. Bí kò bá sí ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó.

Tísà Kẹ́místírì: Àwọn kan ń fi èso mọ̀ríńgà tí wọ́n gún mú kí omi kànga tòrò.

Olóòtú Omi: Omi kànga kọ́ ni wọ́n béèrè, Tísà.

Aláró Ìtòkú: Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti ra álọ́ọ̀mù, èyí tí a fi ń mú kí omi tòrò, lọ́jà, nítorí pé gbèdéke kò ní dúró de ìwé àyẹ̀wò.

Olóòtú Omi: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú ife. Bí kọ́sítíìkì bá ṣì pọ̀ nínú omi, álọ́ọ̀mù yóò tún yòrò padà, aró kò sì ní rì.

Aláró Ìtòkú: Mo ti gbọ́, sà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí yóò kù nísàlẹ̀ ńkọ́, ibo ni ẹ ń kó o sí?